Ráútà Olówó Pọ́ọ́kú àti Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá ra ohun olówó pọ́ọ́kú. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé yẹn, ráútà àlòkù kan ni agbára mi ká nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan l'Adó, mo sì ní láti mú un dé Ìkọ̀lé kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ọkùnrin tó tà á fún mi fi àkísà nu eruku ara ráútà náà.

"Àǹtí, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó gbóná. Bó bá ti gbóná, á kú."

Mo bi í pé báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é tí kò fi ní í gbóná. Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé wáyà rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ilé wa, ti lo ọdún mọ́kànlá nílùú òyìnbó láì wálé. Àìsàn ọkàn ń bá a jà, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé òun fẹ́ kí Yèyé wa rí ojú òun kó tó di ìgbà náà. Kò sọ pé ó ṣeé ṣe kí òun má jí. Èmi náà ò bi í.

Módẹ́ẹ̀mù kan ló wà lọ́wọ́ mi, kiní kékeré tí a ń ki síìmù bọ̀. Ibi kan ṣoṣo tó ti ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú ilé wa ni ojú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá Yèyé wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, àpáta ńlá sì dí i. Orí àtẹ̀gùn ilé náà ni itan wọn ti ṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ò tún ní í gùn ún mọ́, bí a bá tilẹ̀ fẹ́ gbé àwọn. Ráútà ni yóò gba íńtánẹ́ẹ̀tì lára módẹ́ẹ̀mù lókè, tí yóò fi ránṣẹ́ láìsí wáyà sí kọ̀ǹpútà tí mo bá gbé síwájú wọn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la fàdéhùn sí. Láti aago mẹ́ta ni òjò ti ṣú láti apá Ọ̀mùò. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń ké lẹ́yìnkùlé. Mo gbé ráútà sórí àga, mo dojú fáànù kọ ọ́ bí ẹní ń fẹ́ aláìsàn, mo sì sáré sọ̀kalẹ̀.

Yèyé ti jókòó sórí ibùsùn, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń gba Oúnjẹ Olúwa, wọ́n sì wé gèlè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpè náà já. Ìgbà kẹta, ojú ẹ̀gbọ́n mi yọ, ó rù, ó ti hu ewú.

"Yèyé!"

"Ọmọ mi, ṣé ùwọ rè é?"

Bí wọ́n ṣe na ọwọ́ sí i báyìí, àrá sán lórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Ilé mì. Ní tiwa, bí àrá bá ń sán, a kì í fi dígí sílẹ̀ láìbò, torí wọ́n ní ohun tó bá ń dán ni mànàmáná ń wá. Yèyé tú gèlè orí wọn, wọ́n sì fi bo ojú kọ̀ǹpútà.

Mo pariwo. "Yèyé, ẹ ṣí i! Kì í ṣe dígí!"

"Dákẹ́! Ṣé o ò rí i bó ṣe ń dán ni? Kí àrá wọ ulé wá bá ọmọ mi nínú ẹ̀?"

Mo fa gèlè náà. Wọ́n fi apá méjèèjì dì í mú. Mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi lọ́jọ́ yẹn, ojú ṣì ń tì mí títí di òní.

Lábẹ́ aṣọ, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. "Yèyé, ẹ dà? Mi ò rí yín mọ́."

"Mo wà níbí. Má yọjú o, àrá ń sán."

"Mo ti gbọ́, Yèyé. Mi ò ní í yọjú. Ẹ gbàdúrà fún mi."

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n parí, a ò gbọ́ àmín. Mo sáré gòkè. Ráútà ti kú níwájú fáànù, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo pa á, mo tàn án, mo gbá a. Kò tanná mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn pé ẹ̀gbọ́n mi kò jí.

Mo wọlé lọ sọ fún Yèyé, inú mi kún fún ìbínú. Mo ti di ọ̀rọ̀ sẹ́nu: ìṣẹ́jú tí ẹ fi gèlè bò, òun ni ìkẹyìn. Wọ́n sunkún títí ohùn wọn fi há. Lẹ́yìn náà wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ó kéré tán, kì í ṣe àrá ló pa á. Mo bò ó."

Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé. Ẹ bò ó dáadáa."