Ọmọ Ajá Nínú Ìsọ̀ Aránbàtà

Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ará àdúgbò ń pe Aránbàtà. Kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ọmọ ajá ló kó o bá a.

Ajá tí ìyàwó rẹ̀ tọ́ dàgbà ti kú. Ogbó ló pa á, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò gbà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ibi tí ajá ń sùn tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Aránbàtà kò fẹ́ràn ajá rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó lọ wá òmíràn wá. Ó kéré débi pé inú bàtà kan ló gbé e sí, ìrù nìkan ló yọ síta. Ìyàwó gbà á, ó gbé e sáyà, ó sì jẹun lọ́jọ́ náà. Aránbàtà rí i. Ó mọ̀ pé bí eléyìí náà bá kú, òun lè má rí obìnrin yìí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́ láé.

Dókítà ẹran kìlọ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

"Bàbá, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé. Títí yóò fi pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ìta. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ajá mìíràn. Àrùn kan wà níta tó ń jẹ ìfun ọmọ ajá. Kò mọ àánú."

"Mo gbọ́."

"Ṣé ẹ gbọ́, àbí ẹ kàn dá mi lóhùn?"

"Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, Dókítà."

Ilé ìwòsàn ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ aṣọ. Ìdájí ló ń jáde. Nítorí náà, Aránbàtà ló ń gbé ọmọ ajá lọ sí ìsọ̀. Ìsọ̀ náà kò ju àlàfo láàárín ilé méjì lọ: àga kan, tábìlì kúkúrú kan, pẹpẹ bàtà lára ògiri. Ó gbé páálí kan sábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀. Bí ajá àdúgbò bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, òòlù á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí òun wo nǹkan tó wà nínú páálí, kó tó kí i ló máa ń pariwo: "Má fọwọ́ kàn án!"

Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà kò jẹ́ kó sinmi.

"Bàbá, ẹ kú ọmọ títọ́ o. Ìgbà wo lẹ máa pọ̀n ọ́n?"

"Fárí oníbàárà ẹ, kóo má gé e létí."

"Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí fúnra yín, ṣé ẹ gbé wọn báyìí?"

"Àwọn yẹn kì í jẹ páálí."

Òótọ́ ni. Eyín ń yún ọmọ ajá. Ó jẹ páálí, ó jẹ aṣọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka Aránbàtà kúrò. Aránbàtà ronú sí i. Awọ kún ilẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí bó bá ti ya àtẹ́lẹsẹ̀ gbígbó kúrò lára bàtà, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jù ú sí. Ó ṣa ọ̀kan tó rọ̀. Ó yọ ìṣó ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ pa á wò yíká kí ẹyọ kan má bàa ṣẹ́kù, ó wá fi fún un. Ọmọ ajá dì í mú bí ẹni tó rí ogún bàbá rẹ̀ gbà. Ọkàn Aránbàtà balẹ̀. Bí ọ̀kan bá tán, á ṣa òmíràn fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ ajá kò dìde. Ó bì. Ó tún bì. Nígbà tó yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni.

Aránbàtà fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wé e, ó sáré jáde. Kò ti ìsọ̀. Bàtà olóbàtà wà nílẹ̀ káàkiri. Onígbàjámọ̀ rí ojú rẹ̀, kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ máa lọ, Bàbá! Màá bá yín wo ibẹ̀!"

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. "Àrùn yẹn ni."

"Irọ́ ni," ni Aránbàtà wí. Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú. Kò lè jẹ́ òun. Kò kan ilẹ̀, Dókítà. Kò kan ilẹ̀!"

"Ajá wo ló sún mọ́ ọn?"

"Kò sí."

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ bi gbogbo àdúgbò! Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn."

"Kí ló ń jẹ?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kó máa jẹ. Àfi awọ díẹ̀ tó ń jẹ nítorí eyín tó ń yún un."

"Awọ tuntun?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà."

Dókítà gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàtà tó ti rin ìta, Bàbá?"

Aránbàtà wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà wo ni wọ́n ń gbé wá fún aránbàtà tí kò tíì rin ìta? Ti ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìtajà ni ti ìkẹyìn. Ọlọ́dẹ náà sọ ọ́ fún un bó ṣe ń gbé bàtà kalẹ̀: "Ajá mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà." Òun ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó wá ya àtẹ́lẹsẹ̀ náà kúrò, ó yọ ìṣó rẹ̀, ó gbé e fún ọmọ ajá. Òun tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan títì, òun náà ló ń ya títì wẹ́lẹwẹ̀lẹ tó ń fi sí i lẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó ti ibi iṣẹ́ wá bá wọn lọ́dọ̀ Dókítà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì hunjọ fún omi ọṣẹ.

"Èmi ni," ni Aránbàtà wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo fún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà jẹ. Ibẹ̀ ni àrùn gbà wọlé."

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ló wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún.

Dókítà fa omi sí ọmọ ajá lára. Kò ṣèlérí. Aránbàtà lọ kó gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ gbígbó inú ìsọ̀, ó sun wọ́n, ó fi omi apakòkòrò fọ ilẹ̀ títí ojú fi ń ta á. Nígbà tó padà, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí. Ó sùn síbẹ̀, ó jí síbẹ̀, títí Dókítà fi ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kan tó ní, "Ó mu omi."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kó tún un sọ.

"Ó mu omi. Ó fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: eléyìí lè má padà mú un, àwọn àrùn mìíràn ṣì wà níta. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé."

"Kò ní í dé ìsọ̀ mọ́," ni ìyàwó wí. Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó jókòó ti ajá nílé. Bí Aránbàtà bá dé, ẹnu ọ̀nà ló ń pàdé rẹ̀.

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn síta."

"Mo ti bọ́ ọ."

"Ṣòkòtò iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ṣé kí n wọlé níhòòhò ni?"

"Ta ló ń wo yín? Ẹ bọ́ ọ."

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ìkẹyìn pé. Dókítà gún un tán, ó gbé e jáde sórí koríko ẹ̀yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e kalẹ̀.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀!" Aránbàtà ti kígbe kó tó mọ̀. Gbogbo èèyàn yíjú.

"Bàbá, ó ti pé."

Dókítà gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ ajá náà. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan-an bí ẹsẹ̀ tábìlì, ó wo koríko, ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbọ̀n ọ́n. Ó tún gbé òmíràn. Lẹ́yìn náà ló ki eré mọ́lẹ̀. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

Aránbàtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sí etí ògiri, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́rin yẹn. Nígbà tó tó àkókò láti lọ sílé, ó ṣì jókòó síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ padà wá, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ dìde, Bàbá," ló wí. "Ilẹ̀ lásán ni."