Gìtá Orí Àjà

Bí o bá fẹ́ rí ìjà Tata Fọlákẹ́, àǹtí gbogbo wa ní Alafiarou, fọwọ́ kan gìtá ọkọ rẹ̀. Ewúrẹ́ lè jẹ gbogbo èlùbọ́ tó sá sóòrùn, kí Tata rẹ́rìn-ín. Ọmọ àdúgbò lè fi ọ̀kadà gun ebè iṣu rẹ̀, kó ní kò burú. Ṣùgbọ́n gìtá yẹn, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn kan tó ń wá gìtá oníná àtijọ́ kiri wá láti Cotonou lọ́jọ́ kan, wọ́n ní irú rẹ̀ ti di ohun àwárí lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Tata fún wọn lómi mu, ó sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Gìtá pupa ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi tí apá Ọládélé máa ń gbé lé. Nígbà èwe wọn, Ọládélé ló ń ta á nínú ẹgbẹ́ olórin, Fọlákẹ́ sì ni olóhùn iwájú. Ayé ìgbà náà dùn, kí n má parọ́. Wọ́n á kó ẹ̀rọ iná àti báfù tó ń gbé ohùn jáde sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Ṣábẹ̀, ó di Parakou, àwọn géńdé á wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbálẹ̀, àwọn ọmọge á sì gbàgbé pé ìyá àwọn ń retí àwọn nílé. Kí ni ó dé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń tán? Báfù bàjẹ́, ẹ̀rọ iná kú, kálukú padà sídìí oko. Gìtá nìkan ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọládélé á jókòó síwájú ilé, á máa ta á láìsí iná, ohùn kékeré tí kò ju etí ẹni méjì lọ.

Bó ṣe ṣe nìyẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lásìkò kajú. Ó fa àwọn okùn náà títí ohùn wọn fi gún, ó nù wọ́n, ó gbé gìtá kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ̀yìn ti igi kajú lóko, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà ni Fọlákẹ́ ti fòfin de gìtá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí okùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta á. Ọwọ́ Ọládélé ló fà wọ́n kẹ́yìn. Lójú tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan kò bá tú wọn, ọwọ́ ọkọ òun ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ikán jẹ àpótí gìtá. Níbo ni wọ́n ń kó ohun tí wọn kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí lágbègbè yìí? Àgbàdo tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, orí àjà ni, lókè ààrò, kí èéfín lè lé kòkòrò jìnnà. Tata fi aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wé gìtá, ó gbé e sáàárín àgbàdo, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an. Tata ń fẹ́ iná lọ́wọ́ ní àárọ̀ kan nígbà tí nǹkan dún kẹ̀ẹ̀ lókè orí rẹ̀. Ó gbé gìtá sọ̀ kalẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí Djibril ní Kika. Djibril ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, òun náà ló sì ń tún irinṣẹ́ wọn ṣe. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni Tata fi ń pè é.

Djibril tú aṣọ náà, ó rí èéfín lára igi, ó bèèrè ibi tí wọ́n gbé e sí. Tata nawọ́ sí àjà. Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ta ló sọ fún ọ pé àgbàdo ni gìtá?"

Ó ṣàlàyé fún un pé igi tó ti gbẹ ṣì ń mí. Tí òjò bá dé, á mu omi. Tí ọyẹ́ bá dé, á súnkì. Èyí wá ń yá iná lọ́sàn-án, òtútù ń mú un ní ìdájí, okùn sì ń fà á láìsinmi. Ọrùn gìtá ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, gọ́ọ̀mù ibi tí ọrùn ti pàdé orí sì ti ń lanu. Tí wọn kò bá dẹ okùn sílẹ̀ lónìí, yóò kán.

Fọlákẹ́ ní kí ó lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó má fọwọ́ kan okùn. Djibril ní kò ṣeé ṣe.

"Bàbá Kafilatou, ọwọ́ ọkọ mi ni ẹ fẹ́ tú yẹn. Kí ni yóò kù fún mi?"

"Bon, Fọlákẹ́, gbọ́. Ohun tí o ń pa mọ́ yẹn ló ń pa gìtá."

Inú bí i. Ó ní kí Djibril kúkú gbọ́ ohun tó fẹ́ bà jẹ́, ó sì fi àtàǹpàkò ta okùn kan, òun tó ṣòfin. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti Ọládélé. Ó ta ìkejì, ó ta ìkẹta. Méjì kò bára mu nínú wọn. Ẹlòmíì lè máà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń kọrin lé àwọn okùn yẹn láti ìgbà ọmọge kò lè tan ara rẹ̀ jẹ.

"Ó ti lọ," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti lọ."

Ó sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú, nítorí àlejò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun. Nígbà tó nu ojú tán, ó ti gìtá sí iwájú Djibril.

Djibril fi òrí díẹ̀ sí àwọn irin tí wọ́n fi ń yí okùn, tó ti dípẹtà, ó dẹ okùn wọ̀ọ̀, ó lẹ ọrùn gìtá, ó sì fi rọ́bà inú táyà ọ̀kadà wé e pinpin. Ó ní kí ó wà nínú yàrá, lórí tábìlì, jìnnà sí iná, kí ìkòkò omi sì wà nítòsí kí ọyẹ́ má baà fa igi náà gbẹ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni ó padà wá. Ọrùn gìtá ti di. Ó so okùn tuntun tó rà ní Parakou sí i. Fọlákẹ́ kò bi í léèrè èyí àtijọ́. Ó ku ohùn tí yóò fi fà wọ́n. Djibril ní kí ó gbé orin tí wọ́n fi ń ṣíde nígbà yẹn. Tata ní ohùn òun ti lọ. Djibril ní òun kò pe agbo ijó.

Fọlákẹ́ gbé orin náà níbi tó ti máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ sì já. Ó tún un gbé, ó tún já. Djibril ní kó fi sílẹ̀, pé òun ṣì rántí ibi tí Ọládélé máa ń fà á dé, òun á fà á débẹ̀. Fọlákẹ́ mi orí. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ibi tí àwọn ìyá àgbà ti máa ń kọrin tí wọ́n bá ń ṣẹ́ àgbàdo, ohùn rẹ̀ sì dúró.

"Ẹ má fà á débẹ̀," ó ní. "Ọládélé ti lọ. Èmi ló kù. Ibí ni mo wà."

Djibril wo ọrùn gìtá, ó ní kò burú, pé igi tó ti dàgbà tó báyìí, okùn tó rọ̀ ló yẹ ẹ́. Kò sí báfù, kò sí iná, nítorí náà àwọn méjèèjì tẹrí sórí gìtá kí wọ́n lè gbọ́. Fọlákẹ́ di ohùn rẹ̀ mú níbẹ̀, Djibril sì rọra yí okùn sílẹ̀ títí ó fi bá a.