Ibi Tí Sàárè Bàbá Wa Wà

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa àti ìyá wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀, àbúrò mi obìnrin ti di ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. Ó yege, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mọ́. Ohun tó kù ni lẹ́tà baálẹ̀ pé ọmọ abúlé ni. Yunifásítì tuntun tí ìjọ kan kọ́ sórí ilẹ̀ oko lẹ́yìn ìlú Ìjù ti ṣèlérí pé lọ́dọọdún, àwọn yóò máa gba ọmọ onílẹ̀ mélòó kan láìgba owó ilé-ìwé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa wá gba lísìtì orúkọ wọn lọ́wọ́ baálẹ̀. Bí lẹ́tà kò bá jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ògiri yunifásítì náà nìkan ni àbúrò mi yóò máa wò.

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà. Mo ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Sángo, èmi sì ni àkọ́bí. Mo gbà pé kò sí ohun tí n kò lè fi ẹnu ṣe. Ọ̀ṣun ni àwọn òbí wa ti wá, ṣùgbọ́n abúlé yìí ni wọ́n bí èmi àti àbúrò mi sí. Bàbá wa tó jẹ́ káfíńtà ló kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀. Mo ti to gbogbo rẹ̀ sẹ́nu bí a ṣe ń bọ́ bàtà.

Àgbà méjì ló jókòó ti baálẹ̀. Wọn kò bi àbúrò mi léèrè nǹkan kan nípa ìwé. Èyí tó dàgbà jù, tó ń run pákò, kọjú sí mi.

"Ìwọ ni àkọ́bí. Níbo ni sàárè bàbá yín wà?"

Láti ìgbà tí àwọn ìjọ àti ilé-iṣẹ́ ti ń ra ilẹ̀, tí àlejò sì ń wọ́ tìrítìrí wọlé, sàárè ni àwọn onílẹ̀ fi ń mọ ara wọn. Ibi tí òkú rẹ bá wà, ibẹ̀ ni ilé rẹ. Ẹni tí kò ní sàárè lábúlé, àlejò ni, ì báà ti lo ogójì ọdún níbẹ̀.

Bàbá wa sì wà ní Ọ̀ṣun.

Èmi ni mo gbé e lọ. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó ní kí a sin òun sẹ́yìn ilé tí òun fọwọ́ ara òun kọ́. Mo kọ̀. Kí ni àwọn ará ilé yóò wí, pé mo fi òkú bàbá mi sílẹ̀ sí ìdálẹ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo wá mọ́tò tí yóò gbé òkú rẹ̀, àwọn àgbà abúlé wá bẹ̀ mí pé kí n fi ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Mo ní ilé làbọ̀ sinmi oko, pé àjò lásán ni bàbá mi wá ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Àgbà tó ń run pákò yìí wà lára wọn.

"Bàbá, Ọ̀ṣun ni," ni mo wí. Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ta ni n bá pa á fún?

"Ìwọ lo sọ pé àjò ló wá ṣe." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Àwa ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ṣé ọmọ ẹni tó wá ṣe àjò la ó kọ lẹ́tà fún, ká wá fi ọmọ tiwa sílẹ̀?"

Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ bi í bóyá òkú ló ń lọ sí yunifásítì. Bí mo ti lanu, àbúrò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Mo ní mo jẹ̀bi, pé ọ̀rọ̀ àfojúdi ni mo sọ, kí wọ́n má fi tèmi fìyà jẹ ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Baálẹ̀ ń wo àjà. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Ìyá wa, tó jókòó sẹ́yìn wa, wá kúnlẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀lé mi délé nísinsìnyí," ni ó wí. "Kó bá mi ri èèkàn mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ fún ọmọ mi ní lẹ́tà lórí sàárè tèmi."

Baálẹ̀ gbójú kúrò lára àjà.

"Ìyá, ẹ ò tíì kú," ni baálẹ̀ wí.

"Ẹ kọ ọ́ síwèé. Mo máa tẹ̀ka sí i."

Àgbà náà yọ pákò lẹ́nu. Ó bi mí, níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí, bóyá mo gbọ́ ohun tí ìyá mi wí, àti bóyá n kò ní tún wá mọ́tò lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Ẹ̀rù bà mí láti dáhùn, nítorí mo mọ ohun tí ìdáhùn náà yóò gbà lọ́wọ́ ìyá mi. Mo ní rárá, n kò ní wá mọ́tò.

Baálẹ̀ pe akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà méjì. Àbúrò mi gba ọ̀kan, ìyá wa tẹ̀ka sí èkejì. Wọ́n ti jọ wà fún ọdún márùndínláàádọ́ta, òun àti bàbá wa, èmi ni mo wá yà wọ́n, ọ̀kan ní Ọ̀ṣun, ọ̀kan níbí.