Gìtá Tí A Dẹ Okùn Rẹ̀

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní gìtá àwọn ará erékùṣù Hawáì kò mọ̀ pé mo wà láyé. Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà, ní páálọ̀ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Lálúpọn, èmi sì wà lórí ẹní níwájú rẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí ìgbà àkọ́kọ́ tó fi àtàǹpàkò kan okùn gìtá yẹn, orí mi ṣì máa ń wú.

Àbúrò ìyá mi ló gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò náà wá. Ọkọ̀ ojú omi ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, láàárín àwọn ọdún 1990, ẹnì kan ní èbúté kan ní Amẹ́ríkà ló sì fún un. Ó ní òun rí àwòrán gìtá lára páálí rẹ̀, òun bá rántí bàbá mi. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gìtá ti di èèwọ̀ nílé wa.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, òun ló sì ń ta gìtá ní ìjọ Aládùúrà wa. Bó bá ti gbé e lé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó ń rántí ọkọ́ àti àdá mọ́. Òun ló kọ́ èmi náà ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bá ìyá mi ki ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ lẹ́yìnkùlé wa, níbi tí ìyá mi ti ń lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe gàrí, ẹ̀rọ náà bá mú ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka mẹ́ta lọ. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ló kù. Gbogbo ìjọ wá bá wa dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ okùn gìtá. Ó gbé gìtá kọ́ ìṣó nínú yàrá, kò sì bá ìjọ kọrin mọ́. Inú àpò bùbá ni ọwọ́ yẹn ń gbé láti ìgbà náà. Ìyá mi kì í dárúkọ gìtá. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ni, ó sì gbà pé òun lòun fà á. Bàbá tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín títí a ó fi di inú mú wá di ẹni tí à ń bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá mi ni mo fẹ́ gbà padà. Mi ò kàn mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ti máa gbà á.

Bí mo ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé ọ̀gá wa nìyẹn. Opó ni, ìdílé Onítẹ̀bọmi ló ti wá, òun nìkan sì ni mo mọ̀ tó ní ẹ̀rọ fídíò. Ó ní kí n máa wá lọ́jọ́ Sátidé, bí iná bá wà. Kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà kò bá ẹ̀rọ tiwa mu dáadáa: àwòrán náà kò ní àwọ̀, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Ọkùnrin sísanra kan jókòó sórí àpótí létí òkun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó, kò wọ bàtà.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá," ni ọ̀gá wa wí. "Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

Mo ní mò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà ní àwọn bàbá ńlá àwọn ló máa ń dẹ okùn gìtá báyìí, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ṣe ń dẹ tirẹ̀. Ó dẹ okùn mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ó wá gbé ọwọ́ òsì kúrò pátápátá, ó gbé e lé itan, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gba gbogbo okùn náà lẹ́ẹ̀kan. Gìtá tí àwa mọ̀, bí o kò bá fi ọwọ́ òsì tẹ okùn, ariwo lásán ni. Ti ọkùnrin yìí, kò tẹ ohunkóhun, orin ló jáde. N kò mọ ìgbà tí mo ké "Jésù!"

"Kí ló dé?" ni ọ̀gá wa bi mí. "Ṣé iná gbé ẹ ni?"

"Ẹ wo ọwọ́ òsì ẹ̀, Mà! Kò lò ó!"

"Mo rí i. Ó ń sinmi."

Nígbà tó fẹ́ yí orin náà, ìka kan ṣoṣo ló nà gbọọrọ lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ni. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn léraléra kí ó lè dá mi lójú pé ojú mi kò tàn mí, títí ọ̀gá wa fi bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó já sínú ẹ̀rọ òun.

N kò lè gbé gìtá jáde nílé kí bàbá mi má rí i, nítorí náà ojú ni mo fi ń kọ́ ọ. Mo ń fi ìka ta orí itan mi ní páálọ̀ ọ̀gá wa, mo sì ń sáré lọ sílé kó tó fò lọ lórí mi. Àwọn èèyàn ń kí mi lọ́nà, n kò dáhùn, wọ́n ní iṣẹ́ tíṣà ti ń gun orí mi. Bàbá mi á ti wà lóko, ìyá mi á wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ń dẹ okùn, mo ń ta á wúyẹ́wúyẹ́, mo sì ń dá a padà sórí ìṣó rẹ̀.

Ní Sátidé kan mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo rí i pé gbogbo okùn tí mo dẹ̀ ni wọ́n ti fà le. Inú bí mi. Ta ló fọwọ́ kan gìtá yìí? Mo ti dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ lọ bá ìyá mi jà, kí n tó ronú. Ìyá mi ò mọ ìyàtọ̀ okùn kan sí èkejì. Nílé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló lè fà wọ́n le kí ohùn wọn bá ara wọn mu bẹ́ẹ̀. Mo padà, mo jókòó sórí ibùsùn. Bàbá mi ti gbé gìtá. Ó ti ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti tẹ́tí sí i. Kò kàn lè gbọ́ kí ohùn rẹ̀ yẹ̀ kó má tún un ṣe. Mo sunkún níbẹ̀, ayọ̀ ló sì pa mí lẹ́kún.

Mo tún dẹ̀ ẹ́. Ó tún fà á le. A kò bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀. Bí a bá ń jẹun, èmi á máa wo ojú rẹ̀, òun á máa wo ọbẹ̀.

Òjò ló tú wa fó. Ó lé bàbá mi kúrò lóko lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun sì bá mi nídìí gìtá.

"Ìwọ lò ń ba gìtá mi jẹ́."

"Ẹ má bínú, Bàámi. Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún nìyẹn."

"Lọ́hùn-ún níbo?"

Mo sọ fún un. Ó ní, "Èmi náà á lọ wò ó."

Nígbà tí Sátidé dé, ó wọ bùbá tó fi ń lọ síbi ìnáwó, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò, a sì lọ. Ọ̀gá wa kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un. Bí ọkùnrin sísanra náà ṣe yọjú, bàbá mi tẹ̀ síwájú.

"Kò wọ bàtà," ló wí. "Ará ìjọ wa ni." A kì í wọ bàtà nílé àdúrà wa.

"Bàbá, etí òkun ni wọ́n wà," ni ọ̀gá wa fèsì. "Iyanrìn ló jẹ́ kó bọ́ ọ."

"Ẹ wò ó dáadáa, Ìyáàfin. Ẹ̀mí ló ń gbé e."

Ọkùnrin náà na ìka kan yẹn lórí okùn. N kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ọwọ́ òsì bàbá mi ti jáde nínú àpò, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Ó na ìka rẹ̀ sórí orúnkún, ó gbé e sókè, ó sún un síwájú, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wa rí i. Ó dìde, ó ní òun ń lọ wo ohun tí òun gbé kaná, kò sì sí ohunkóhun lórí iná.

Nígbà tí a délé, bàbá mi gbé gìtá fún mi. "Dẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dẹ̀ ẹ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n fà le."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dẹ okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìbi mí èwo ni. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń yọ̀, okùn ń dún gbì. Lẹ́yìn náà ni orin ìjọ wa kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò débi pé mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìsí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn èèyàn erékùṣù kan tí wọn ò gbọ́ orúkọ Lálúpọn rí ti dẹ okùn sílẹ̀ de ìka kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ bàbá mi.

Ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gẹ́ funfun lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ń wo bàbá mi gan-an, síbẹ̀ ó béèrè pé, "Ta ló ń ta á?"

"Èmi ni," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Ọwọ́ ò tíì mọ́ ọn tán, ṣùgbọ́n èmi ni."

Àwọn oníbàárà ń pe ìyá mi láti ẹ̀yìnkùlé, kò dá wọn lóhùn. Ìyá mi, tí n kò rí kó jókòó lọ́sàn-án rí, jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi.