Ọdẹ Tó Bọ́ Gbérí Nítorí Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀

Èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bú Ọdẹmúyìwá lójú mi, èmi àti olúwa ẹ̀ la jọ máa fà á.

Oko wa pààlà lọ́nà Adó-Àwáyè. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ẹran ìgbẹ́ di àwátì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹlẹ́dẹ̀, ni àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí abo kan dùbúlẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ lórí, tó pa á, ńṣe ló kan igi mọ́ ara ògiri yíká, kí àwọn ọmọ lè ríbi sá sí lábẹ́ ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, abo méjì bímọ lóru nígbà tí Ọdẹmúyìwá wà nínú igbó ọdẹ. Ó dé láàárọ̀, ó bá ọ̀kan tó ti kú, tí àwọn ọmọ ẹ̀ ń gbọ̀n. Bí wọn ò bá tètè rí wàrà àkọ́kọ́ mu, wọn ò ní í yè é. Èkejì ò bímọ púpọ̀, ọmú ṣẹ́kù lára ẹ̀. Ọdẹmúyìwá kó àwọn ọmọ òrukàn mọ́ tiẹ̀, ó fi òrí tí Ọ̀ṣúntóbi ìyàwó ẹ̀ fi ń para pa gbogbo wọn lára, kí òórùn wọn lè di ọ̀kan. Síbẹ̀, abo náà ń bú mọ́ wọn, ó kọ̀ kò dùbúlẹ̀. Ọmọ tiẹ̀ gan-an ò rí ọmú mu.

Inú bí mi. Láti ẹ̀yìn ọgbà ni mo ti ní kó na án. Ó wo ara ẹ̀ títí.

“Ràmọ́nì, kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń bá jà. Èmi ni.”

Gbérí bàbá ẹ̀ ló wọ̀, ẹ̀wù ọdẹ tí wọn kì í fọ̀, tó ń rùn fún ẹ̀tù, ẹ̀jẹ̀ àti ajá. Mi ò rí i kó bọ́ ọ lóko rí. Ó bọ́ ọ, ó fi kọ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán, ó wẹ̀, ó ró ìró ìyàwó ẹ̀, ó sì padà wọlé lọ ń họ ikùn abo náà. Nígbà tó yá, abo náà dùbúlẹ̀. Ọdẹmúyìwá gbé àwọn tó kéré jù sídìí ọmú iwájú, níbi tí wàrà ti pọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Láìpẹ́, àwọn ọdẹ gbé ìbọn wá pè é kí wọ́n jọ lọ ṣọdẹ ọdún. Wọ́n bá a nínú ìró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀.

“Ẹ máa lọ,” ló wí. “Mo ní ọmọ lẹ́nu ọmú.”

Wọ́n dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.