Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Mo ń fi omi bútà ṣan ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí n tó ṣe àlùwàlá alàásárì, nígbà tí mo rí i pé omi tó ń ṣàn lọ pọ́n. Àdúgbò Ṣàngó ni à ń gbé nígbà náà, níbí ní Ìlọrin, ní nǹkan bí ọdún 1994. 

Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni nínú wa tí kì í sọ bẹ́ẹ̀? Mo fi ṣúgà sílẹ̀, mo ra àgbo. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì nígbà tí irun mi ṣì dúdú kirikiri; mo mọ̀ pé èròjà wà nínú ewé tó ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Oṣù márùn-ún ni mo fi mu àgbo.

Mo sanra púpọ̀ nígbà náà. Ní mọ́sálásí, wọ́n máa ń ní, "Ẹ yàgò o! Ikùn Alájì ti dé, Alájì fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn!" Nígbà tí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá Rísì," ìyàwó mi Àmínà wí, "àgbo wo ló ń mú èèyàn rù báyìí? Ẹ dìde ká lọ sí ọsibítù, àbí kí n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Òkè-Oyì?"

"Má ránṣẹ́ sí i. Ẹkún ni yóò máa sun."

Ní ọsibítù, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí bọ̀ mí nídìí láti wo inú ìfun, wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró de èsì. Súrà Fátíà tí mo mọ̀ láti kékeré ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu lórí ìrun.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni.

"Ṣé ọ̀rá mi ló fà á?" mo bi dókítà, obìnrin kan tí kò dàgbà ju àkọ́bí mi lọ.

"A ò lè dá òun nìkan lẹ́bi, bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ikùn kì í sùn." Ó ṣàlàyé pé bí a bá fara gbọgbẹ́, ibẹ̀ á wú, á gbóná, kí ara lè tún ara ṣe. Ọ̀rá àpọ̀jù ń dá irú iná bẹ́ẹ̀ láìsí ọgbẹ́, bí iná abẹ́ eérú. Bí ó bá pẹ́, ó lè ba ìfun jẹ́.

"Ewé ńkọ́?"

"Èròjà inú ẹ̀fọ́, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ pupa lè bomi sí iná náà díẹ̀, wọ́n ṣì ń wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó ti ń jó, ẹ̀fọ́ lẹ ó fi pa á?"

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ nínú ìfun náà, wọ́n so ìyókù pọ̀. Bí mo bá húkọ́, bí ẹni pé ikùn mi fẹ́ ya ni. N kò gbọdọ̀ jẹun títí ìfun yóò fi jí, ìsó ni yóò sì fi hàn pé ó ti jí. Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń béèrè, "Bàbá, ẹ ti só?" Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ẹ̀rù sọ mí di ọmọdé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dún.

"Alihamudulilai!" Àmínà pariwo, gbogbo wọ́ọ̀dù sì ṣe àmín.

Àmínà ti lọ, kí Ọlọ́run foríjì í. Èmi ṣì wà. Mo ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, ikùn mi kì í ṣíwájú mi mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ba àlùwàlá mi jẹ́ lónìí, n kì í kùn. Mo ń dúpẹ́, mo ń gbé bútà, bí mo bá sì ṣan ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, mo máa ń wo omi náà dáadáa kí ó tó ṣàn lọ.