Bámidélé àti Akẹtẹ̀ Orí Òkè

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Bámidélé fi ń dé akẹtẹ̀ Olórí Òkè, bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ àdúgbò kan tó lè sọ pé ẹsẹ̀ bàbá náà yá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wọn máa ń lọ gun òkè kan lẹ́yìn ìlú Ìyìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè náà ni yóò dé akẹtẹ̀, òun ni wọn yóò sì máa pè ní Olórí Òkè títí ọdún yóò fi yípo.

Báwo wá ni ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣe ń gbégbá orókè? Ọgbọ́n ni o. Ọ̀nà náà kò ṣòroó mọ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun ya ọfà sára òkúta láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ṣùgbọ́n ó há débi pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Bámidélé ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Ọmọ Èkìtì wo tí wọ́n kọ́ nílé ni yóò wá ti àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá? Bí ọ̀dọ́ kan bá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé òun ń kánjú, bàbá a dúró, a yíjú padà, a bẹ̀rẹ̀ ìkíni: "Ọmọ mi, ulé ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́? Bàbá yín àgbà, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?" Kí ọmọ náà tó dáhùn tán, bàbá ti mí kanlẹ̀, ó ti tún gbẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bí ogójì a sì máa tò tẹ̀lé e bí ìjàlọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Bámidélé lẹ́rù: àga ìsàlẹ̀ òkè. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ́ Bàbá Ọlálérè, àgbà kan nínú ẹgbẹ́, lójú ọ̀nà náà, ẹgbẹ́ ti ṣòfin pé ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ gòkè mọ́. Abẹ́ kánópì ni yóò jókòó sí, yóò máa ṣọ́ kúlà ìrẹsì, àwọn ọmọdé yóò sì máa bi í bóyá atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Bámidélé kórìíra ìjókòó yẹn bí ìgbà téèyàn kórìíra ikú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ti pé mọ́kànléláàádọ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wá iṣẹ́ tíṣà, ó ti lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, ó sì gé ọdún mẹ́fà dànù wẹ́rẹ́ bí ẹni gé èékánná. Nínú ìwé ẹgbẹ́, márùndínláàádọ́rin ni.

Lọ́dún yìí ni Kúdírát dé. Ọmọ Ìwó ni, ìkóríta Adébáyọ̀ ló ti ń ta ọ̀dà ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ni. Ó wọ bàtà kánfáàsì, ó so ìbòrí rẹ̀ le, ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọmọ mi, yà fún mi." Wọ́n ń yà, nítorí ó dàgbà jù wọ́n lọ. Wọ́n ti kọjá ìdajì ọ̀nà nígbà tó dé ẹ̀yìn Bámidélé.

Bàbá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó yíjú padà. "Ìyá ọlọ́dà, ulé ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

"Háà! Ṣé wọ́n máa ń kọjá lára àgbà bẹ́ẹ̀ nílùú tiyín ni?"

"Rárá o. Àgbà ló yẹ kó ṣáájú," ni Kúdírát wí. "Ẹ̀yin jẹ́ ọmọ ọdún mélòó, sà?"

Dùnmínínú, akọ̀wé ẹgbẹ́, dúró sí ẹ̀yìn Kúdírát gan-an, ìwé orúkọ wà lábíyá rẹ̀. Bí Bámidélé bá sọ òótọ́, láti orí òkúta yẹn ni wọn yóò ti mú un lọ bá kúlà. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà tó ń dán, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Márùndínláàádọ́rin!" Ó gbé àyà síwájú.

Kúdírát pàtẹ́wọ́. "Àbúrò mi tilẹ̀ ni yín! Mẹ́rìndínláàádọ́rin lèmi, alihamudulilai."

Ó dun Bámidélé wọ egungun. Ó mọ̀ dájú pé òun ti ń sáré kiri àdúgbò kí wọ́n tó bí obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti búra ní kóòtù kò ṣeé yí padà lórí òkè. Ó tẹríba, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sára òkúta, lójú àwọn ogójì ọmọ tó ti kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Ẹ kọjá, màámi."

"Dìde, ọkọ mi. Wàá dàgbà." Ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó sì kọjá. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọ̀dọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tí Bámidélé yóò fi dé òkè, akẹtẹ̀ ti wà lórí ìbòrí Kúdírát. Bàbá jókòó, kò tilẹ̀ wo òrùlé ilé àwọn ará Ìyìn tó tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀. Obìnrin náà wá bá a, ó fi ìwé kékeré kan tí wọ́n ká ní méjì sí i lọ́wọ́. Bámidélé ṣí i. Ìwé ìpè ni: Alhaja Kúdírát yóò pé ọgọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ru sí i lórí. Ó fò dìde, ó la ẹnu láti pariwo. Kúdírát fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Ẹ má pariwo, bàbá. Bí ẹ bá pariwo ọgọ́ta, èmi náà á pariwo mọ́kànléláàádọ́rin. Ìyàwó yín ò lè ra ọ̀dà lọ́wọ́ mi kó má tàkùrọ̀sọ."

Bámidélé padà jókòó. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ tú jáde.

"Sà, kí ló wà nínú ìwé yẹn?" Dùnmínínú béèrè, ó ń sún mọ́ wọn.

Bàbá ká ìwé náà ní mẹ́rin, ó tì í sápò.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi," ó ní. "Màámi ló ní kí n wá jẹun."